Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì Ollerwick

"Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀," Geoffrey Umpleby wí. "Ẹ rọra o. Bàbá mi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa gbọn òun jìgìjìgì."

Àwọn ọkùnrin tó gbé pósí Amos Umpleby léjìká rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí koríko tútù. Géètì irin tuntun kan ló wà níwájú wọn, ó ga dé àyà ọkùnrin, wáyà ẹlẹ́gùn-ún sì wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Àgádágodo tí wọ́n fi ṣéènì so mọ́ òpó rẹ̀ ṣì ń dán. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, géètì onígi àtijọ́ ló wà níbẹ̀, èyí tí gbogbo abúlé Ollerwick máa ń fi ìbàdí tì kọjá bí wọ́n bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti hú u. Wọ́n sì ti kan pátákó mọ́ tuntun: ILẸ̀ ÀDÁNI. KÒ SỌ́NÀ NÍBÍ.

Lẹ́yìn géètì, àwọn ẹṣin Ọ̀gbẹ́ni Stroud, onílẹ̀ tuntun, ń jẹko nínú pápá. Lẹ́yìn pápá, ṣọ́ọ̀ṣì Oswald Mímọ́ dá dúró láàárín àwọn ibojì, agogo rẹ̀ sì ń dún lẹ́yọ lẹ́yọ, ó ń pe Amos.

Gbogbo èrò tó sin òkú náà bọ̀ yíjú sí Enid Raistrick. Òun ni ìyá ìjọ. Opó ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, òdòdó orí pósí sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá ìjọ, kí la fẹ́ ṣe báyìí?" Geoffrey bi í. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ṣé ká gbé wọn padà sílé ni?"

Enid wo àgádágodo náà. Ó wo mọ́tò dúdú tó dúró lábẹ́ igi lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tí Ọ̀gbẹ́ni Kettle, alábòójútó ilẹ̀ Stroud, ti na fóònù jáde lójú fèrèsé tó ń ya fídíò wọn. Inú bí i gidigidi.

"Láti ìgbà tí mo ti mọ Amos, kò pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì rí," ó wí. "Kò ní pẹ́ lónìí. Ẹ gbé e gba òkè."

Àwọn kan gun géètì kọjá sí òdìkejì, wọ́n na ọwọ́ sókè. Àwọn tó kù gbé pósí náà, wọ́n ń tì í díẹ̀díẹ̀ kọjá lórí irin. Ó fẹ́ yẹ̀, obìnrin kan kígbe "Jésù!", àmọ́ wọ́n gbá a mú.

"Ọjọ́ tí orúnkún ti ń dùn wọ́n ni wọn ò ti fo géètì mọ́," Geoffrey wí, ẹ̀rín àti ẹkún dàpọ̀ lóhùn rẹ̀. "Ẹ wá wo bàbá yín bí wọ́n ṣe ń fò!"

Ẹ̀rín bú láàárín èrò, ó sì yà wọ́n lẹ́nu pé àwọn lè rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gun géètì. Nesta Cowling, tó ni ilé ọtí abúlé, ká yẹ̀rì rẹ̀ sókè, ó ní, "Ẹni tó bá wo itan mi, kò ní mu bíà lọ́dọ̀ mi mọ́ láé." Enid tẹ̀ lé e. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ há sí wáyà, ó ya dé orúnkún, kò sì bojú wo ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sin Amos Umpleby lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, gbogbo wọn kóra jọ sí ilé ọtí Nesta, wọ́n ń mu tíì àti bíà, wọ́n ń jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun bò. Bàtà rọ́bà ṣì wà lẹ́sẹ̀ Àlùfáà Philippa Thwaite. Obìnrin kúkúrú ni, ìjọ méje ló wà lábẹ́ àbójútó rẹ̀, ọ̀dọ̀ èyí tó wà nísàlẹ̀ odò ló sì ti wá láàárọ̀, ó la odò kọjá kó tó dé ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà," ó wí. "Mo bá ọ́fíìsì Bíṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì tí kò lọ́nà, àwọn ò lè máa tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Bí ọ̀nà ò bá ṣí títí ọdún máa fi parí, wọ́n á tì í pa."

"Wọ́n á ti kí ni pa?" Nesta gbé ife kalẹ̀ gbà.

"Oswald Mímọ́."

 Kò sí ọmọ Ollerwick tí kò mọ ìdí tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn fi dá wà nínú pápá. Láyé àtijọ́, abúlé ló yí i ká. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn wọlé, ó gbá wọn lọ agboolé dé agboolé, àwọn díẹ̀ tó kù sì sá gun òkè lọ, wọ́n kọ́ ilé tuntun síbẹ̀. Wọ́n lè kó ilé lọ, ṣùgbọ́n wọn ò lè kó òkú wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè náà wá sin Ọlọ́run lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹni wọn, tí àwọn ọmọ wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí ọmọ ọmọ wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀, títí ẹsẹ̀ fi gbẹ́ ọ̀nà náà jìn sínú ilẹ̀ bí inú ọpọ́n. Àwọn ọmọ ogun ti so ẹṣin mọ́ òpó ṣọ́ọ̀ṣì náà rí. Àrá ti sán lu ilé agogo rẹ̀ rí. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àwọn olè gùn ún lórí, wọ́n ká òjé òrùlé rẹ̀ lọ, ìjọ sì jókòó lábẹ́ agboòrùn títí orin fi parí. Kò tíì sí ohun tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

"Àwọn àgbà ní ibi tí òkú bá ti gbà kọjá, ó ti di ọ̀nà títí láé," Geoffrey wí.

"Àwọn àgbà lè sọ bẹ́ẹ̀, òfin ò sọ ọ́," Àlùfáà dáhùn. "Ohun tí òfin fẹ́ gbọ́ ni pé fún ogún ọdún gbáko, àwọn ará ìlú ń rìn níbẹ̀ lójú gbogbo ayé, wọn ò tọrọ àyè, ẹnì kan ò sì dá wọn dúró. Ìjọba á rán aṣojú wá gbọ́ ẹnu yín. Ẹnu yín nìkan la ní."

"Ẹnu?" Nesta rẹ́rìn-ín. "Àlùfáà, bó bá jẹ́ ẹnu ni wọ́n ń wá, wọ́n ti dé ibi tó wà."

Ọ̀gbẹ́ni Kettle wá kí Enid nílé kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó sì nu ẹsẹ̀ dáadáa kó tó wọlé. Ilé kékeré tí Enid ń gbé, ti Ilé Ńlá, ilé onílẹ̀ abúlé, ni. Clifford ọkọ rẹ̀ ló ń ṣọ́ igbó àti ẹran ìgbẹ́ fún Sir Hubert, olówó ilẹ̀ àtijọ́. Nígbà tí Clifford kú, Sir Hubert ní kí opó rẹ̀ máa gbébẹ̀. Nígbà tí Sir Hubert náà kú, Stroud ra gbogbo rẹ̀: ilẹ̀, igbó, àti ilé tí Enid wà nínú rẹ̀.

"Màmá, ilé yìí tura o," Kettle wí, ó gba ife tíì. "Ẹ ò ní fẹ́ fi í sílẹ̀, àbí?"

"Ta ló ní mo fẹ́ fi í sílẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Àdéhùn yín ló máa parí nígbà ìkórè." Ó mu tíì díẹ̀. "Màmá, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo bá wá. Mo gbọ́ pé Sir Hubert máa ń ní kí wọ́n ti géètì yẹn pa ní ọjọ́ kejì Kérésì lọ́dọọdún, kó lè hàn pé ilẹ̀ òun ni. Ọkọ yín ni wọ́n máa ń rán, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Wọ́n máa ń rán an."

"Ẹ ṣé. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ náà nìyẹn." Ojú Kettle mọ́lẹ̀. "Bí wọ́n bá ń ti ọ̀nà pa lọ́jọ́ kan ṣoṣo lọ́dún, àánú onílẹ̀ làwọn èèyàn fi ń kọjá, kì í ṣe ẹ̀tọ́ wọn. Ẹ kàn máa bá wa sọ ọ́ níwájú aṣojú ìjọba. Ọ̀gbẹ́ni Stroud ní bí ẹ bá ti ṣe ìyẹn, inú ilé yìí lẹ máa wà títí ọjọ́ alẹ́ yín."

Enid tún da tíì sí ife rẹ̀. Kettle rò pé ó ti gbà. Ó dúpẹ́, ó ní kó má jẹ́ kí òtútù mú un, ó sì lọ.

Ohun tí Enid kò sọ fún un nìyí. Ní ọdún kìíní tí Clifford wọ iṣẹ́ Sir Hubert, ó lọ ti géètì náà pa ní ọjọ́ kejì Kérésì bí wọ́n ṣe rán an. Nígbà tó padà lọ ṣí i ní ìrọ̀lẹ́, ó bá ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Hannah tó jókòó ti òpó géètì láti inú pápá. Ìyá náà ti tètè kọjá láàárọ̀ lọ sí ibojì ọkọ rẹ̀, ìgbà tó ń padà ló bá géètì tó ti pa. Yìnyín ti bò ó lórí, ọwọ́ rẹ̀ ti le bí igi. Clifford pọ̀n ọ́n wálé. Enid ló fi omi gbígbóná nu ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi lajú. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni Clifford wí pé, "Enid, n kò tún ní ti èèyàn mọ́ta mọ́."

Láti ọdún kejì, yóò gbé ṣéènì lọ, yóò fi í kọ́ òpó, yóò fi àgádágodo kọ́ ọ lẹ́nu, kò sì ní tẹ̀ ẹ́ pa. Bí Sir Hubert bá bi í pé, "Clifford, o ti dé ibi géètì?", yóò dáhùn pé, "Mo ti débẹ̀, ọ̀gá." Kò purọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ òótọ́ tán. Sir Hubert fẹ́ràn rẹ̀ bí àbúrò. Òun ló ra òkúta sórí ibojì rẹ̀, tó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára rẹ̀ pé: ÌRÁNṢẸ́ OLÓÒÓTỌ́.

Bí Enid bá sọ̀rọ̀, ilé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè gbé ìyẹn mì. Ohun tí kò lè gbé mì ni pé òun ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ pa ọ̀rọ̀ orí òkúta ọkọ òun rẹ́.

Ó wọ bàtà rọ́bà, ó la odò kọjá nítorí géètì ṣì wà ní títì, ó lọ fọ àwọn àwo bàbà orí pẹpẹ. Àlùfáà Thwaite wà níbẹ̀, ó ń gbá ìgbẹ́ àdán.

"Àlùfáà," Enid wí, kò gbójú sókè, "bí ìránṣẹ́ kan bá ṣàìgbọ́ràn sí ọ̀gá rẹ̀ nítorí àánú, ṣé a ṣì lè pè é ní olóòótọ́?"

Àlùfáà dáwọ́ ìgbálẹ̀ dúró. Ó ronú díẹ̀. "Olóòótọ́ sí ta ni, Màmá?"

Enid fọ àwo náà títí ó fi rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó gbé e padà sípò, ó sì jáde lọ dúró níbi ibojì Clifford fún ìgbà díẹ̀. Ẹyẹ ń ké. Kò gbọ́ ohùn kankan láti inú ilẹ̀, kò sì retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń padà la odò, ó ti mọ ohun tóun máa ṣe.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, ó gbálẹ̀ ilé rẹ̀ láti yàrá dé ibi ìdáná. Ó di aṣọ rẹ̀ sínú àpò méjì, ó gbé wọn pamọ́ sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn abúlé. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ sí ọ́fíìsì Kettle. Wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn. Ó ju kọ́kọ́rọ́ ilé sínú ihò tí wọ́n ń gba lẹ́tà, ó gbọ́ bó ṣe balẹ̀, ó sì yí padà. Kò tíì mọ ibi tóun máa sùn, ó sì yà á lẹ́nu pé ara òun fúyẹ́ tó báyìí.

Gbọ̀ngàn abúlé kún àkúnya. Ìyáàfin Bhandari ni ìjọba rán, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíì sọ àsọjù. Ọ̀gbẹ́ni Stroud fúnra rẹ̀ jókòó síwájú, ó ká apá mọ́ àyà, lọ́yà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ará Ollerwick dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan ní ìrọbí mú òun lójú ọ̀nà yẹn bóun ṣe ń bọ̀ láti ìsìn Àjíǹde. Ọmọ tó bí náà dìde láàárín èrò, ó juwọ́, géńdé onírùngbọ̀n ni. Bàbá kan ní ibẹ̀ lòun ti kọ́kọ́ di ọwọ́ ìyàwó òun mú, ìyàwó rẹ̀ sì pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Èmi ni mo di tìẹ mú!"

"Àgùntàn wa pàápàá mọ ọ̀nà yẹn," Geoffrey wí. "Ọdọọdún ni ọ̀kan máa ń tẹ̀ lé mi lọ síbi ìdúpẹ́ ìkórè."

"Ṣé ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?" Ìyáàfin Bhandari bi í.

"Rárá, ma. Àgùntàn náà ò tọrọ."

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, lọ́yà Stroud dìde. "Ẹlẹ́rìí tiwa ni Ìyáàfin Enid Raistrick."

Gbogbo ojú yí sí Enid. Nesta di apá ẹ̀wù Enid mú bó ṣe ń kọjá. "Màmá, ọ̀dọ̀ ta lẹ ń lọ yẹn?" Enid rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó sì lọ jókòó sórí àga ẹlẹ́rìí.

"Ìyáàfin Raistrick," lọ́yà wí, "ǹjẹ́ òótọ́ ni pé Sir Hubert máa ń rán ọkọ yín láti lọ ti géètì ọ̀nà yìí pa ní ọjọ́ kejì Kérésì lọ́dọọdún?"

"Òótọ́ ni."

Ìkùnsínú gba gbogbo ilé. Kettle rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ǹjẹ́ ọkọ yín máa ń lọ?"

"Ó máa ń lọ."

"Kó sì tì í pa?"

"Rárá."

Lọ́yà ti fẹ́ jókòó. Ó tún dìde. "Ẹ jọ̀ọ́?"

"Mo ní rárá. Ó tì í lẹ́ẹ̀kan, ní ọdún tó kọ́kọ́ wọ iṣẹ́, ó sì kù díẹ̀ kí ìyá àgbà kan kú síbẹ̀ nínú yìnyín. Láti ọdún kejì títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó kàn ń gbé ṣéènì kọ́ ọ lọ́rùn ni. Kò tẹ àgádágodo pa mọ́ láyé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá á gbé ṣéènì sí ẹ̀gbẹ́, á sì kọjá." Ó kọjú sí èrò. "Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Mo mọ̀ pé mò ń sọ pé Clifford ò ṣe ohun tí ọ̀gá rẹ̀ rán an. Ó ṣe ohun tó tọ́."

"Màmá!" Kettle ti dìde dúró, ó gbàgbé ibi tó wà. "Ṣé ẹ rántí ilé ẹni tí ẹ ń gbé?"

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jókòó," Ìyáàfin Bhandari wí, ojú rẹ̀ le.

"Ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn, ma," Enid wí. Ó kọjú sí Kettle, kò pariwo. "Mo rántí. Kọ́kọ́rọ́ wà nílẹ̀ ọ́fíìsì yín láti òwúrọ̀. Mo ti gbálẹ̀. Ẹ máa rí i pé n kò jẹ yín ní gbèsè ọ̀rọ̀ kankan."

Ó ṣe díẹ̀ kí ohun tó sọ tó yé àwọn èèyàn. Nígbà tó yé wọn, Geoffrey fi ọwọ́ bo ojú.

Lọ́yà gbìyànjú láti kó ọ̀rọ̀ náà jọ. "Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ opó kan nípa ọkọ tó ti kú. Kò sẹ́lòmíì tó lè sọ pé géètì yẹn ṣí ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ dúró ná!" Nesta ni. Ó ti gun orí àga. "Ọjọ́ wo lẹ pè é? Ọjọ́ kejì Kérésì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma, ṣùgbọ́n kò tíì kàn yín láti..."

"Ọjọ́ kejì Kérésì ni mo ṣe ìgbéyàwó!"

Gbọ̀ngàn hó. Ìyáàfin Bhandari fi ọwọ́ gbá tábìlì títí wọ́n fi dákẹ́, ó sì ní kí Nesta bọ́ sílẹ̀ lórí àga kó wá síwájú wá sọ ọ́.

"Ronnie mi tó jókòó síbí yìí, sójà ni," Nesta wí, ó ń mí gúlegúle. "Ó kù díẹ̀ kí wọ́n kó wọn lọ sí ogun Iraq, ọjọ́ yẹn nìkan ló sì ṣófo kó tó lọ. Gbogbo abúlé ló sìn mí gba ọ̀nà yẹn. Mo wọ aṣọ funfun, mo wọ bàtà rọ́bà sábẹ́ rẹ̀. Clifford dúró sí ẹ̀gbẹ́ géètì, ó ṣí fìlà fún mi."

"Èmi ni mo gbé ìrù aṣọ rẹ!" obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn.

"O gbé e, síbẹ̀ ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ bi mí ta ni." Nesta yíjú sí lọ́yà. "Sir Hubert ni! Òun ló ka Bíbélì níbi ìgbéyàwó mi, ẹ̀yìn mi gan-an ló ń bọ̀. Ẹnu géètì yẹn ló ti tẹ aṣọ mi, ó sì fà ya. Ó bẹ̀ mí títí. Ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ṣéènì kan tó ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kó má báa tún há sí aṣọ mi, ó wo Clifford, ó sì ṣẹ́jú sí i báyìí." Ó ṣẹ́jú, kí gbogbo èèyàn lè rí i. "Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti rò pé torí ẹwà mi ló fi ṣẹ́jú!"

Ronnie fi ẹ̀rín lulẹ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí Ìyáàfin Bhandari fi mú omi mu kí ẹ̀rín tirẹ̀ má báa jáde. Stroud nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti tú apá rẹ̀ ká, ó ń wo ilẹ̀.

Enid kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó jókòó sórí àga ẹlẹ́rìí, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Sir Hubert mọ̀. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ló ti mọ̀. Ó ń béèrè lọ́dọọdún pé, "Clifford, o ti dé ibi géètì?", ó mọ èsì tóun máa gbọ́, ó sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tó wá tó àkókò láti gbẹ́ ọ̀rọ̀ sórí òkúta, ó mọ̀ ọ́n-mọ̀ yan ọ̀rọ̀ náà OLÓÒÓTỌ́ ni.

Bí ìgbẹ́jọ́ ṣe parí, Nesta bá àpò méjì náà lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ó gbé ọ̀kan kọ́ èjìká ọ̀tún, ó gbé ọ̀kan kọ́ tòsì.

"Ibo lò ń gbé ẹrù mi lọ?" Enid bi í.

"Yàrá òkè wa ń wo ilé agogo tààrà. Ẹ má bá mi jiyàn, Màmá. Ṣebí ẹ lè tẹ̀ lé ẹrù yín?"

Ní ọjọ́ Ọjọ́rú kan nínú oṣù Keje, agogo Oswald Mímọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ọ̀sán gangan. Kò sí ìsìn, kò sì sẹ́ni tó kú. Àwọn èèyàn jáde síta, wọ́n ń wo ara wọn lójú. Geoffrey sọ̀ kalẹ̀ lórí katakata. Ronnie jáde pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ léjìká. Nígbà tí wọ́n sáré dé ibi géètì, wọ́n rí Àlùfáà Thwaite tó ń sáré bọ̀ láàárín àwọn ẹṣin, bàtà rọ́bà kan ti bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ó ti di tiwa!" ó ń kígbe. "Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí! Ọ̀nà gbogbo ayé ni, títí láé! Wọ́n ti ní kí Stroud hú géètì!"

Geoffrey gbé Enid sókè pátápátá kúrò nílẹ̀, ó sì ń fi í yí po, bó tilẹ̀ ń lù ú ní èjìká pé kó sọ òun kalẹ̀. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ orin, àwọn yòókù gbè é, ohùn wọn ò bára mu, wọn ò sì bìkítà. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wàásù ní ọjọ́ àjọ̀dún Oswald Mímọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì dárúkọ títi ṣọ́ọ̀ṣì pa létí òun mọ́.

Ní ọjọ́ àjọ̀dún náà, nínú oṣù Kẹjọ, gbogbo Ollerwick tò láti orí òkè. Àwọn ará ìjọ mẹ́fà tó kù wá, àwọn ọmọ abúlé tó ti ṣí lọ sí ìlú ńlá wá, àwọn tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún wọn náà wá. Enid ló ṣáájú, ó gbé àgbélébùú. Oòrùn mú. Koríko ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù níbi tí wọ́n ti hú òpó géètì.

Ọ̀dọ́bìnrin kan dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ jòjòló láyà rẹ̀. Enid mọ̀ ọ́n bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò tíì sọ̀rọ̀ rí. Ìyàwó Stroud ni. Èrò tó wà lẹ́yìn náà mọ̀ ọ́n, orin sì kú mọ́ wọn lẹ́nu díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ má bínú," obìnrin náà wí. "Ọkọ mi ò mọ̀ pé mo wà níbí. Mo gbọ́ agogo ni. Mo ní kí n kàn wo yín bí ẹ ṣe ń kọjá."

"Kí lorúkọ ọmọ?" Enid bi í.

"Imogen."

"Ṣé ẹ ti ṣèrìbọmi fún un?"

Obìnrin náà mi orí. "Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé... lẹ́yìn ohun tá a ṣe fún yín, ẹ ò ní fẹ́ rí wa."

Lẹ́yìn Enid, ẹnì kan mí ìmí gígùn. Enid ronú kan ilé rẹ̀, àti ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ti kun ọ̀dà sí fúnra rẹ̀. Ó mọ̀ pé bóun bá kàn gbé ẹsẹ̀, tóun kọjá lọ, kò sẹ́ni tó máa bá òun wí. Ọmọ náà yán, oorun ń kùn ún.

"Ìyàwó," ó wí, "ibí yìí kì í ṣe ibi tí èèyàn ń dúró sí. Ọ̀nà ni. Ẹ gbé ọmọ yín wá, ẹ jẹ́ ká lọ, Bíṣọ́ọ̀bù ń dúró dè wá."

Obìnrin náà kò mira. Ó wo èrò náà, ó wo Enid. Nesta ló wá sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ní, "Ẹ wọlé síbí, ẹ̀gbẹ́ Màmá. Ẹ ṣọ́ ẹsẹ̀ yín, ẹṣin yín ti ṣu síbẹ̀." Ìyàwó Stroud bú sẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì wọ àárín wọn. Enid tún gbé àgbélébùú sókè. Orin tún sọ, ó ròkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gbogbo wọn sì jọ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú pápá.